Àpá Iwájú Orí Ṣẹhátà Olómi-Ìrèké

Ṣẹhátà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí i ní mọ́sáláṣí, ẹ ní láti dúró di ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn pátápátá níbi tí bàtà pọ̀ sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, kí ó lè sá jáde lọ bá ẹ̀rọ ìrèké rẹ̀ kí àwọn olùjọsìn tó gbé ọ̀fun gbígbẹ dé. Orúkọ rẹ̀ gan-an, alágbe ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró, ni wọ́n bá sọ èyí ní orúkọ tí ikú kò ní fẹ́ gbé, bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sọ ọmọ ní Akísàátán. Ikú gbọ́ orúkọ náà, ó yí ojú. Ó jọ pé ọlà náà gbọ́, òun náà yí ojú, nítorí láti ọjọ́ tí ìlú Damanhúrù ti mọ Ṣẹhátà, ìsọ̀ omi ìrèké kan náà ló ní lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo ju ọkọ̀ ojú irin lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọ ilé ọkọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé ni Nabawíyà, opó tó ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ ní ìsọ̀ tó kọjú sí tirẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alaásárì lójoojúmọ́, Nabawíyà á sọdá wá mu omi ìrèké, á sì fi ẹ̀fẹ̀ gba ìlọ́po owó rẹ̀ padà.

"Ṣẹhátà, ìfófòó ló pọ̀ nínú ife yìí ju omi lọ. Ṣé ọṣẹ lo fi fọ ìrèké ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni mo fún ẹ ní ìfófòó yẹn. Omi lò ń sanwó rẹ̀."

"Olè ni ẹ́, o kàn ń rẹ́rìn-ín ni."

"Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ṣé wàá padà wá lọ́la?"

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀, kò fẹ́ mọ̀ ni, orúkọ rẹ̀ sì ni Àlùájì Mutuwálì. Òun ni ẹ̀gbọ́n Nabawíyà. Èlò ọbẹ̀ ló ń tà, òun náà ló sì fa àbúrò rẹ̀ fún ọkọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú baba wọn. Lójú òfin, opó tó ti dàgbà lè fẹ́ ẹni tó bá wù ú. Lójú Nabawíyà, ẹni tí kò ní baba mọ́ kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ, kò sì ní wọ ilé ọkùnrin kankan láìjẹ́ pé Àlùájì fọwọ́ sí i.

Àlùájì Mutuwálì kì í sì í wo ojú ènìyàn. Iwájú orí ló ń wò. Òun fúnra rẹ̀ ní àpá ìrun kan níbẹ̀, ó dúdú, ó rí róbótó, irú èyí tí wọ́n máa ń pè ní èso àjàrà gbígbẹ, tí ìforíkanlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún máa ń fà síni lára. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá ní i ló bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹni tí kò bá sì ní i, kí ó lọ múra. Nígbà tí Ṣẹhátà rán àgbàlagbà kan sí i nítorí Nabawíyà, èsì tó fún un kò gùn.

"Ẹ sọ fún Ṣẹhátà pé mo ti wo iwájú orí ẹ̀. Ó mọ́ bí àwo tí wọn ò bu oúnjẹ sí rí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣẹhátà wọra, àgàgà nítorí pé òótọ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, oòrùn mú bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ ohun dídùn mọ́, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Ṣẹhátà gbé àga síta, ó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí òógùn bá ti ń ṣàn bọ̀ lójú rẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún omi ọsàn nu iwájú orí. Ó nù ún, ó tún nù ún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ibẹ̀ ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ó wú, omi gba abẹ́ awọ rẹ̀, ó ń ta á bí ata. Nígbà tí yóò fi jinná, ojú ibẹ̀ ti dúdú bí èédú, róbótó, ní àárín gbùngbùn iwájú orí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àlùájì Mutuwálì ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó kọjá lára Ṣẹhátà, ó dúró, ó padà.

"Ṣẹhátà, gbójú sókè." Ó wò ó títí. "Láti ìgbà wo lo ti ń dìde lóru kírun?"

Ṣẹhátà la ẹnu láti sọ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ó wo ẹ̀yìn Àlùájì, ó rí Nabawíyà tó ń to bọ́tìnì ní òdìkejì títì. Ẹnu náà pa dé fúnra rẹ̀.

"Àlùájì, ohun tó wà láàárín ẹrú àti Olúwa ẹ̀, ṣé wọ́n máa ń sọ ọ́ síta ni?"

"Wọn kì í sọ ọ́." Omi ti lé ròrò sójú Àlùájì. "Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ ẹ. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí orúnkún yìí tó gbé mi jókòó sórí àga. Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí."

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ní àdúgbò yìí, wọ́n ní àwọn mọ̀. Iwájú orí alángbá ni wọ́n ń wò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ṣẹhátà ti di Ṣéù Ṣẹhátà. Àwọn tó máa ń bá a jà pé ife kò kún wá ń fi ọpẹ́ gba ife tí kò kún. Tọkọtaya kan tó ń jà gbé ẹjọ́ wá bá a. Ó ní kí ọkọ ra omi ìrèké fún ìyàwó, kí ìyàwó náà ra fún ọkọ, wọ́n sì ń ròyìn ọgbọ́n rẹ̀ káàkiri. Àlùájì Mutuwálì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti òkèèrè. Ó ní bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, àwọn á jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ Nabawíyà.

Nabawíyà nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń wá mu omi ìrèké, ṣùgbọ́n kì í dúró pẹ́ mọ́.

"Ẹ káàsán, Ṣéù. Ẹ bá mi bu ife kan."

"Ìfófòó ńkọ́?" ni Ṣẹhátà bi í.

"Bí ẹ bá ṣe bù ú náà ló dáa."

Ṣẹhátà rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọkùnrin tí wọ́n bá ń bọ̀wọ̀ fún kì í tètè mọ ìgbà tí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

Ọdún Iléyá kò tíì dé nígbà tó wo dígí lọ́jọ́ kan, tó rí i pé àpá náà ti ń ṣá bí aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ó kọ orí sí ọ̀dọ̀ Dókítà Ináàsì, obìnrin tó ń tọ́jú awọ ara ní òkè ilé olóògùn. Àwọn obìnrin ló kún ibi ìdúró. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí oyún ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní dúdú. Ọ̀kan jẹ́ ìyàwó ojú ọ̀nà, tó ra ìpara ìbóra lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri kí ojú rẹ̀ lè funfun dọjọ́ ìgbéyàwó. Ojú náà kọ́kọ́ bó, ó wá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí dúdú lọ. Ṣẹhátà jókòó sáàárín wọn, òun nìkan ló ń gbàdúrà kí dúdú dúró.

"Ọsàn wẹ́wẹ́," ni dókítà wí, bó ti fojú kàn án.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Ẹ fún ọsàn nínú oòrùn. Omi ẹ̀ àti oòrùn pàdé lára yín, wọ́n jó yín. Awọ ara tí nǹkan bá jó, tàbí tí wọ́n bá ń họ ṣáá, ṣe ló máa ń tú aró inú ẹ̀ jáde kó lè fi bo ara ẹ̀. Aró yẹn lẹ̀ ń wò nínú dígí. Ẹ fọkàn balẹ̀, á lọ fúnra ẹ̀."

"Á lọ," ni Ṣẹhátà wí, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Á lọ, bí ẹ ò bá dí i lọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí omi ọsàn kàn án mọ́. Ẹ sá fún oòrùn, ẹ dé fìlà tó létí, kẹ́ ẹ máa fi ìpara tí wọ́n fi ń dènà oòrùn pa á láràárọ̀. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á. Ẹ má ra ìpara kankan tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Sùúrù ló kù, oṣù mélòó kan ni."

"Àwọn tẹ́ ẹ ní kí n má ṣe yẹn, Dókítà, ẹ bá mi tún wọn kà."

Inú dókítà dùn. Irú aláìsàn tó ń tẹ́tí báyìí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún wọn kà fún un, ó sì rọra kà á.

Ṣẹhátà gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí òrùlé ilé rẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, bó ṣe gbà á. Ó fi kànrìnkàn ha iwájú orí, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fẹ̀yìn ti ilé ẹyẹlé tó wà níbẹ̀, ó kọjú sí oòrùn ọ̀sán. Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé oorun á gbé e lọ. Omi ọsàn ní tirẹ̀ kò sùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀kalẹ̀, ó pín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ títí dé irùngbọ̀n. Ìgbà tí èyí tó kù wọ̀ ọ́ lójú ló tó ta jí. Nígbà tí ara náà fi jinná, àpá iwájú orí ti padà, ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlà dúdú méjì ti ti ìdí rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ lójú ọkùnrin náà bí ọ̀gbàrá.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní ibà ń ṣe òun. Ta ló wá kí i bí kò ṣe Àlùájì Mutuwálì. Bó ti rí ìlà méjì náà, ó jókòó láìwo ibi tí àga wà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Omijé," ni ó wí. "Omijé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló jó ọ̀nà sójú ọkùnrin yìí. Mo ti gbọ́ ọ nínú wàásù rí. Mi ò mọ̀ pé màá fojú mi rí i."

Ṣẹhátà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà tún di ìwà ìrẹ̀lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tó lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró mọ́. Lèmọ́mù rin ìrìn àjò, wọ́n ti Ṣẹhátà síwájú pé kí ó ṣáájú ìrun. Kò mọ̀ ju àwọn súrà kúkúrú tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé lọ. Ó ka èyí tó kúrú jù, ó tún un kà ní ẹ̀ẹ̀kejì nítorí pé òmíràn sá mọ́ ọn lórí. Wọ́n ní àánú àwọn arúgbó ló ṣe é. Ojú tì í lọ́jọ́ náà débi pé kò lè jẹun alẹ́. Àlùájì Mutuwálì sì ní kò sídìí tí wọ́n á fi dúró de Iléyá, kí ó wá lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n ka Fátíhà lé ọ̀rọ̀ òun àti Nabawíyà lórí. Bí wọ́n bá ti kà á, ó di àfẹ́sọ́nà nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, Ṣẹhátà wọ aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó jókòó sí pálọ̀ Àlùájì láàárín àwọn àgbà mọ́sáláṣí. Wọ́n fẹ́ ṣí àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí Nabawíyà gbé àwo omi dídùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe àjọyọ̀ wọlé. Ó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ tó kà á, ẹ bi mí bóyá mo fẹ́."

"Ṣebí ó ti pẹ́ tó o ti ń mu omi ìrèké ọkùnrin yìí," ni Àlùájì fèsì.

"Omi ìrèké Ṣẹhátà ni mò ń mu. Mi ò mọ Ṣéù yìí." Ó nawọ́ sí iwájú orí Ṣẹhátà. "Irú ẹ̀ wà lórí olóògbé ọkọ mi. Òun lẹ wò tẹ́ ẹ fi fi mí fún un. Bó bá ti mọ́sáláṣí dé, ó máa ń nà mí, ibi tó dúdú yẹn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ rí tó bá ṣílẹ̀kùn. Mi ò lè sùn ti irú ẹ̀ mọ́."

Àlùájì wo àbúrò rẹ̀, ó wo àwọn àgbà, ó tún wo àbúrò rẹ̀.

"O ò sọ fún mi."

"Èmi náà ní àpá nígbà yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ ìbòrí ni tèmi wà. Ẹ ò wò ó."

Àlùájì Mutuwálì wolẹ̀. Àwọn àgbà dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá bàtà wọn. Omi dídùn náà wà nínú ife, ẹnikẹ́ni kò mu ún. Ṣẹhátà rin títì lọ sílé, ó sì ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kí i ní Ṣéù lọ́tùn-ún lósì. Ó kórìíra ara rẹ̀. Nǹkan tó fi odindi oṣù gbìn sójú, òun gan-an ló ń lé obìnrin náà sá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọdá sí ìsọ̀ bọ́tìnì.

"Nabawíyà, ọsàn wẹ́wẹ́ ni."

"Kí ló ń jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti kànrìnkàn, ó sọ ti ilé ẹyẹlé, ó sọ ti oorun. Nígbà tó dé ibi omijé ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ẹ̀rín gbọn obìnrin náà lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Gbogbo ayé ń wá bí dúdú ṣe máa kúrò lójú wọn. Ìwọ ń fi omi rin tìẹ."

"Torí tìẹ ni."

"Torí ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ò bi ẹ́ léèrè àpá." Ó ti òwú síbi tó yẹ. "Ikú ló bá mi pa ti olóògbé rẹ́. Bí tìẹ bá jẹ́ ti ọsàn lóòótọ́, jẹ́ kó lọ. Ọjọ́ tí iwájú orí ẹ bá mọ́, wá pè mí."

Ṣẹhátà padà sọ́dọ̀ Dókítà Ináàsì. Dókítà wo ìlà méjì náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣe bí mo ṣe wí?"

"Mo ṣe gbogbo ẹ̀, Dókítà. Apá tẹ́ ẹ ní kí n má ṣe ni mo mú."

Dókítà fún un ní ìpara tí yóò máa fi sùn, ó sì tún gbogbo ìmọ̀ràn náà sọ bí ẹni tó ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Ṣẹhátà gbọ́. Ó ra àkẹtẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Ó gbé àga ọsàn wọ abẹ́ ìbòòji, ó ń fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún ọsàn náà. Bí ojú rẹ̀ bá ń yún un, á fi ọwọ́ méjèèjì jókòó kó má baà họ ọ́.

Bí àpá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni iyì ń bá a lọ. Àwọn ènìyàn ní ìgbàgbọ́ Ṣéù ti ń ṣá. Ife tí kò kún tún di ìjà. Tọkọtaya tó ń jà gbé ẹjọ́ wọn lọ bá ẹlòmíràn. Ní mọ́sáláṣí, wọ́n rọra fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn títí ó fi padà sáàárín bàtà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí ojú ti tì í níwájú ìrun yẹn, Ṣẹhátà ti ń kọ́ súrà nínú yàrá rẹ̀, ó sì ń kírun márààrún lórí ẹní tó rọ̀, tí kò lè fi àpá sí ẹnikẹ́ni lára.

Ọjọ́ tí Àlùájì Mutuwálì wá sí ìsọ̀, ìlà méjèèjì ti lọ tán, àpá ọ̀hún kò ju òjìji lọ. Láti ọjọ́bọ̀ yẹn, òun àti àbúrò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ ìrèké, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

"Ṣẹhátà, mo fẹ́ gbójú kúrò nínú ohun tí Nabawíyà sọ, kí n ṣì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wo orí ẹ. Ta ló yí ẹ lọ́kàn padà?"

Ṣẹhátà pa ẹ̀rọ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òótọ́, ọkùnrin yìí lè sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ títí dé òpin ìlú, kó sì ti ilẹ̀kùn Nabawíyà mọ́ ọn pátápátá. Ó sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò sí àpá ìrun kankan rí, Àlùájì. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú oòrùn."

Àlùájì di orí tábìlì mú. Ṣẹhátà ń dúró de èébú.

"Ṣé ó máa ń dunni púpọ̀?" ni Àlùájì bi í.

"Ẹ̀n?"

"Ọsàn yẹn. Ṣé ó máa ń dunni?"

Ìgbà náà ni Ṣẹhátà tó wo iwájú orí àgbàlagbà náà dáadáa. Láti ìgbà tí orúnkún ti gbé e jókòó sórí àga, tí iwájú orí rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, àpá ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà ti ń ṣí lọ. Ó ti di àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

"Ó máa ń ta díẹ̀," ni Ṣẹhátà wí.

"Di díẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi. Ikọ́ ń yọ wá lẹ́nu nílé." Àlùájì gba ọ̀rá náà, ó tì í sábẹ́ aṣọ. "Ọ̀rọ̀ Nabawíyà yẹn, bí ẹ bá ti fẹ́ràn ara yín, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹ mú ọjọ́."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní wẹ́rẹ́, nínú àgbàlá ilé Àlùájì, ní ọjọ́ tí iwájú orí Ṣẹhátà mọ́ bí àwo tí wọn kò bu oúnjẹ sí rí. Kò sí ẹni tó pè é ní Ṣéù. Ọ̀dọ̀ Àlùájì Mutuwálì ni àwọn àlejò ń wọ́ lọ. Àpá orí rẹ̀ ti di dúdú kedere bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ gba ìpéǹpéjú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń fẹnu kò ó léjìká, wọ́n ní omijé tó sun nítorí àbúrò rẹ̀ tó ń lọ ni, pé ẹ̀gbọ́n bíi tirẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Nabawíyà fúnra rẹ̀ ló gbé àwo omi dídùn káàkiri. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìlà náà, ó wò ó títí. Àlùájì kò gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ gbé àga yín wá sábẹ́ ìbòòji. Oòrùn ti dé ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, kó má tún jó yín."

Àlùájì Mutuwálì gbọ́ ọ, ó sì yé e. Ó dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ ìbòòji, ó jókòó. Títí ìgbéyàwó náà fi parí, kò wo iwájú orí ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò.